Ṣé ká wó ògiri ọ́fíìsì ni, àbí ká fi yàrá sílẹ̀ bó ṣe wà?

Oníkóòdù_Mọ́kọlá:

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń dá ìjà sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wa, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn ayàwòrán ilé wà níbí, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun náà wà níbí.

Bíi méjìlá ni wá. App la ń ṣe fáwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èyí tí akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ń ṣírò owó tí kálukú dá, ẹni tó yá owó, ẹni tí kò tíì san. Yàrá kan ṣoṣo la ti bẹ̀rẹ̀, ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá níbẹ̀ àmọ́ ká má parọ́, iṣẹ́ ń yá. Ní báyìí ọ̀gá ti gba ilé kan ní Mọ́kọlá, n'Ìbàdàn níbí, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, yàrá mẹ́ta àti pàlọ̀ lókè, yàrá méjì àti kíṣìnnì nísàlẹ̀, fàráńdà gígùn kan wà níwájú lókè. Lánlọ́ọ̀dù ní ká wó ohun tó bá wù wá. Ni ọ̀gá bá ní gbogbo ògiri òkè ló máa lọ, kó di gbọ̀ngàn kan, kí gbogbo wa máa rí ara wa, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Facebook àti Google, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n lè ronú pọ̀. Àwa tí à ń kọ kóòdù ní rárá o, ẹ fún wa ní yàrá ká ráyè lo orí wa. Àwọn tó ń bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀ lórí fóònù náà ní àwọn ò lè máa ṣàlàyé gbèsè ẹni ẹlẹ́ni lójú gbogbo ayé. Ọ̀gá ní onímọ̀-tara-ẹni-nìkan ni gbogbo wa.

Ẹ gbà mí o. Ṣé lóòótọ́ ni pé ibi téèyàn jókòó sí máa ń nípa lórí báwọn èèyàn ṣe jọ ń ronú, àbí àṣà òyìnbó lásán ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, irú ibi wo gan-an ló máa ń ràn án lọ́wọ́?

Ṣẹ̀fẹ̀_Lórí_Áyà:

Ronú pọ̀ kọ́, ronú pọ̀ ni 😂😂 ọ̀gá yín ń wá bó ṣe máa jókòó sójú kan tá á sì máa rí ojú kọ̀ǹpútà gbogbo yín ni jàre.

Ayàwòrán_Ilé:

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Kó tó kan ọ̀rọ̀ ìrònú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òòlù lé ògiri yẹn láìjẹ́ pé ẹnjiníà ti wò ó. Ọ̀pọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ níbí, kì í ṣe òpó ló ru ilé, ògiri ni. Èyí tẹ́ ẹ rò pé ó kàn pín yàrá sí méjì yẹn lè jẹ́ òun gan-an ló gbé dẹ́kìn tàbí òrùlé dúró. Lánlọ́ọ̀dù tó ní kẹ́ ẹ wó ohun tó bá wù yín, òun kọ́ ló máa jókòó sábẹ́ ẹ̀.

Ó wá kan ìbéèrè yín. Kì í ṣe àṣà òyìnbó lásán, àwọn òyìnbó fúnra wọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí wọ́n rí kì í sì í ṣe ohun tí ọ̀gá yín ń sọ. Ní 2018, Ethan Bernstein tó ń kọ́ni ní Harvard àti Stephen Turban gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n lọ bá iléeṣẹ́ ńlá méjì n'Ílùú Amẹ́ríkà tó ń múra láti mú ògiri kúrò, wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn, ẹ̀rọ yẹn máa ń mọ̀ tí ẹni méjì bá kọjú síra wọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ (kò gba ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ o). Wọ́n wò ó ṣáájú, wọ́n tún wò ó lẹ́yìn tí ògiri lọ tán. Ọ̀rọ̀ ojúkojú wálẹ̀ ní nǹkan bíi 70 nínú ọgọ́rùn-ún! Ìméèlì àti mẹ́sẹ́ẹ̀jì orí kọ̀ǹpútà ló wá pọ̀ sí i.

Tẹ́ ẹ bá rò ó dáadáa kò yani lẹ́nu. Téèyàn bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun látàárọ̀ dalẹ́, á ki íyàpíìsì bọ etí, á dojú kọ iṣẹ́, kí wọ́n má bàa ní ó ń ṣeré. Ẹni tó sì ní ìbéèrè tó dà bíi ti òpè, kò ní béèrè ẹ̀ lójú èèyàn mọ́kànlá, á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó jókòó lódìkejì tábìlì. Bẹ́ẹ̀ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló máa ń tú àṣìṣe fó.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ju ògiri lọ ni àtẹ̀gùn yín. Ẹnì kan wà ní MIT, yunifásítì kan nítòsí Boston l'Amẹ́ríkà, Thomas Allen lorúkọ ẹ̀, láwọn ọdún 1970 ló ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó wo bí àwọn ẹnjiníà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ sí bí tábìlì wọn ṣe jìnnà síra wọn tó. Bí mítà ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀rọ̀ ń dín kù wìrì, tó bá ti tó nǹkan bí àádọ́ta mítà, àfi bíi pé ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Àjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kó àwọn oníkóòdù sókè tẹ́ ẹ kó àwọn tó ń gba fóònù sísàlẹ̀, kó tó pẹ́ iléeṣẹ́ méjì lẹ máa ní, àwọn tísàlẹ̀ á máa mọ ohun tó ń bí kọ́sítọ́mà nínú, àwọn tòkè á máa kọ ohun tẹ́nì kan ò béèrè. Nítorí náà, kí ni kíṣìnnì ń ṣe nísàlẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ ń lọ lókè? Ẹ ya àwòrán ilé náà sínú ìwé kẹ́ ẹ fi hàn mí, ẹ fi bírò fa ibi tí kálukú ń gbà láàárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́, lọ sí ilé ìtura, lọ bu omi, lọ gba ìpè fóònù. Ibi tí àwọn ìlà yẹn bá ti ń gba ara wọn kọjá ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ́.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_ní_Boston:

Mo fara mọ́ ohun tí Ayàwòrán sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi tibí kún un torí ìtàn ẹ̀ dùn.

Ilé kan wà ní MIT tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Building 20. Ní 1943 ni wọ́n kàn án wéréwéré nígbà ogun àgbáyé kejì, torí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á ti máa ṣe iṣẹ́ rédà, ẹ̀rọ tó ń rí ọkọ̀ òfuurufú láti òkèèrè. Pákó lásán ni, àjà mẹ́ta, èrò wọn ni pé tógun bá ti parí wọ́n á wó o. Wọn ò wó o o! Ó di 1998 kó tó lọ. Ooru ń mú níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òtútù ń mú nígbà òtútù, nọ́ńbà yàrá ò tẹ̀ léra, àlejò á sọnù nínú ẹ̀. Síbẹ̀ ohun tó ti ibẹ̀ jáde kò kéré: ibẹ̀ ni Chomsky àti Morris Halle ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìmọ̀ èdè wọn, Amar Bose tó ni sípíkà Bose náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń fi rélùwéè ìṣeré ṣe àrà náà wà níbẹ̀, ara wọn sì ni àwọn tó kọ́kọ́ ń fi kọ̀ǹpútà dárà ti jáde.

Kí ló fà á? Àwọn kan ní torí pé èèyàn ń ṣìnà wọ yàrá ẹlòmíì ni, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi rí sí i ju ìyẹn lọ ni pé kò sẹ́ni tó ka ilé náà sí nǹkan kan, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń gba àṣẹ. O fẹ́ fa wáyà lọ sí yàrá kejì, lu ògiri, kó o fà á. Jerrold Zacharias ń ṣe aago átọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ náà ga ju yàrá lọ, ló bá ní kí wọ́n yọ pákó àjà méjì kúrò, kò lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Ilé ló ń tẹ̀ lé iṣẹ́, iṣẹ́ kọ́ ló ń tẹ̀ lé ilé.

Lórí ilẹ̀ yẹn náà ni wọ́n wá kọ́ Stata Center sí ní 2004, iṣẹ́ ọwọ́ Frank Gehry, ó lẹ́wà, ó wọ́ síbí ó wọ́ sọ́hùn-ún, owó ńlá ni wọ́n ná lé e. Mo máa ń gba iwájú ẹ̀ kọjá. Ní 2007 MIT gbé Gehry lọ kóòtù pé ilé ń jò, ó padà yanjú. Mi ò sọ pé ilé náà ò dáa o, ṣùgbọ́n ta ló máa gbójú-gbóyà lu ihò sí irú ògiri bẹ́ẹ̀?

Torí náà ẹ sọ fún ọ̀gá yín kó má lọ lẹ táìlì olówó iyebíye, kó má kun gbogbo ibẹ̀ ní funfun tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ kan ìṣó á máa pariwo.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn_Gidi:

Èmi ò mọ ilé yíyà, àmọ́ agbolé àwọn ahunṣọ n'Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ sì ni mo ti kọ́kọ́ rí i kí èèyàn rẹpẹtẹ máa ṣiṣẹ́ pọ̀ láìpe míìtìn kankan.

Àtíbàbà gígùn ni, páànù lórí, iwájú ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òfì á tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òwú kálukú á nà jáde síta níwájú ẹ̀, ó máa ń gùn gan-an, wọ́n á di òkúta rù ú ní ìparí kó lè le. Bó ṣe ń hun ún lọ ni òwú náà ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá wò ó, ẹni tó ń kọjá lọ ra ẹ̀kọ ti rí àwọ̀ tó o fẹ́ hun kó o tó hun ún. Á dúró, á ní "búlúù yìí á pa èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ o", ìwọ náà á fèsì, ẹni kẹta á dá sí i láti orí òfì tiẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ò dúró. Ọ̀gá tó ń hun tiẹ̀ kì í wo ọmọ ìkọ́ṣẹ́, etí ló fi ń ṣọ́ ọ. Ẹsẹ̀ á tẹ̀, ọ̀kọ̀ á kọjá, wọ́n á gbá a pọ̀, ìró yẹn ní bó ṣe ń lọ, tó bá ti kọsẹ̀ báyìí, ọ̀gá á ti pariwo pé òwú ti já, ọmọ náà gan-an lè má tíì rí i.

Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi èyí gbe ọ̀gá yín lẹ́sẹ̀. Ohun tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ ni iṣẹ́. Iṣẹ́ ló wà níta tí gbogbo ojú ń rí, tí gbogbo etí ń gbọ́. Tẹ́ ẹ bá wó ògiri yín tán báyìí, kí lẹ máa rí? Ẹ̀yìn orí ara yín. Kóòdù wà nínú kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó ń kọjá lọ ra ẹ̀kọ tó máa rí i. Òótọ́ ibẹ̀ sì ni pé tí ọ̀rọ̀ bá ti kan owó, tàbí ìjà ọmọ ìkọ́ṣẹ́ àti ọ̀gá ẹ̀, inú yàrá ni wọ́n ń wọ̀, kì í ṣe abẹ́ àtíbàbà. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣírò àrà tuntun tí kò hun rí, á dá jí láàárọ̀ kùtù kí àwọn elẹ́nu púpọ̀ tó dé.

Oníkóòdù_Mọ́kọlá:

Ha, Ọmọ Ìsẹ́yìn, ẹ ti pa mí. "Ẹ̀yìn orí ara yín" ni mo máa lọ sọ fún ọ̀gá lọ́la.

Ayàwòrán, ẹ ṣé gan-an, mo máa pe ẹnjiníà. Mo ya ìlà yẹn bẹ́ ẹ ṣe ní, gbogbo rẹ̀ ń kóra jọ sórí fàráńdà òkè, torí pé ibẹ̀ ni atẹ́gùn wà, ibẹ̀ ni nẹ́tíwọọ̀kì fóònù ti dáa. Wàhálà kan ṣoṣo ni jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì tó wà lábẹ́ ẹ̀ gan-an, tí wọ́n bá ti tan nǹkan yẹn, ẹ ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ara yín. Kí la fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Àgbà_Òkèbọ́lá:

Ọmọ mi, lọ bá aládùúgbò rẹ sọ̀rọ̀, ẹ jọ dá owó kọ́ ilé kékeré fún jẹnẹrétọ̀ náà lẹ́yìnkùlé. Ìyẹn náà wà lára fífọwọ́sowọ́pọ̀.

Ẹ ti ń mẹ́nu ba Boston láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó rántí pé ìrìn díẹ̀ sí Mọ́kọlá yẹn ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn. Ní 1961, nítòsí ọjà Dùgbẹ̀, àwọn kan gba ibi kan tó jẹ́ ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di Mbari, ibi ìpàdé àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán. Ulli Beier wà níbẹ̀, Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo, J. P. Clark, Chinua Achebe, Mphahlele ará South Africa, àwọn ayàwòrán bíi Demas Nwoko. Kò tóbi o. Ibi tí wọ́n ti ń ṣeré nìyí lábẹ́ ọ̀run, ibi tí wọ́n ń gbé àwòrán kọ́ nìyí, ibi ìkàwé nìyí, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tẹ ìwé nìyí. Akéwì tó wá ka ìwé á bá àwọn òṣèré tó ń gbáradì, ayàwòrán á gbọ́ ewì láìjẹ́ pé ó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀dọ́mọdé tí ẹnì kankan ò tíì mọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn nígbà yẹn.

Dúró Ládípọ̀, ọ̀gá àwọn òṣèré, rí i, ó fẹ́ irú ẹ̀ fún Òṣogbo, ní 1962 wọ́n dá Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní Òṣogbo ló wù mí jù, torí kì í ṣe àwọn ọmọ yunifásítì. Inú ọgbà kan náà ni eré, ìlù, ijó àti àwòrán wà. Rufus Ògúndélé àti Múráínà Oyèlámì, òṣèré ni wọ́n lọ́dọ̀ Dúró Ládípọ̀ kí wọ́n tó di ayàwòrán. Twins Seven Seven, ijó ló jó débẹ̀ ní 1964. Jímọ̀h Bùráímọ̀h, iná ló ń tọ́jú fún ẹgbẹ́ òṣèré náà, iṣẹ́ iná mànàmáná! Òun ló wá di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán tí gbogbo ayé ń wá wò. Ká ní ilé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwòrán, kí ló fẹ́ gbé oníná débẹ̀?

Ẹ máa bi ara yín léèrè, nínú ilé yín yẹn, ta ni oníná yín? Ọmọ tó ń gba fóònù yẹn, ṣé ó lè rí iṣẹ́ àwọn oníkóòdù dé ibi tó fi máa wù ú láti fọwọ́ kan án?

Ìyá_Ìbejì_Oníṣẹ́_Ọnà:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sà, ẹ̀yin bàbá Òkèbọ́lá. Èmi ṣiṣẹ́ ní Yábàá fún ìgbà díẹ̀, láyìíká Herbert Macaulay níbi tí CcHub wà, ibi tí àwọn tó ń dá iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ti ń pàdé, tí Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ yọjú sí ní 2016. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá kì í ṣe àwọn àga aláràbarà. UNILAG wà nítòsí, Yabatech wà níbẹ̀, ẹni tó kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú ẹ lánàá lẹ máa pàdé níbi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì, á ní àwọn ń wá ẹni tó mọ nǹkan báyìí-báyìí. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ ọ̀gá yín, àmọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ nìyí.

Ibi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ (mi ò ní dárúkọ wọn) ṣe yàrá onídígí sí àárín ọ́fíìsì. Wọ́n ní ibẹ̀ la ó ti máa ronú. Kò pẹ́ tó di ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn wí, gbogbo wa á sì máa rí i bí ẹni náà ṣe ń nu ojú. Ẹnikẹ́ni ò fínnúfíndọ̀ wọbẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yàrá ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, kó ní ògiri gidi, kó ní ilẹ̀kùn tó ń tì. Ìyàwó tó ń fọ́mọ lọ́mú náà máa nílò ẹ̀, ẹ má gbàgbé.

Èkejì ni bọ́ọ̀dù. Ẹ ra bọ́ọ̀dù ńlá, kì í ṣe èyí tí kò ju tíréè oúnjẹ lọ, kẹ́ ẹ gbé e sí ibi téèyàn á ti máa dúró kọjá, kó má jẹ́ inú yàrá míìtìn. Ibi tí mo wà yẹn, obìnrin tó ń tún ibẹ̀ ṣe máa ń nù ún mọ́ tónítóní ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kò sì jẹ̀bi, ẹnì kankan ò sọ fún un. A ó dé láàárọ̀, ìrònú àná ti lọ. Ìgbà tá a bẹ̀rẹ̀ sí kọ "ẹ má pa á rẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ mà" sí orí ẹ̀ ni nǹkan yí padà, torí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lánàá á dé, á wò ó, á mú máákà, á fa ọfà kan síbẹ̀ pé "ṣé ẹ ti ro ti àwọn tí kò ní fóònù ńlá?" Ohun tí Ọmọ Ìsẹ́yìn ń sọ nípa òwú tó nà síta nìyẹn gan-an.

Tábìlì náà, ẹ ra èyí tó ṣe é gbé. Èyí tí wọ́n bá ti kàn mọ́lẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe jókòó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lẹ máa jókòó títí.

Ṣẹ̀fẹ̀_Lórí_Áyà:

Kí wọ́n ṣáà má ṣe ti Steve Jobs, ọ̀gá Apple ìgbà kan, o. Mo kà á pé nígbà tí wọ́n ń ya ilé Pixar, iléeṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù àwòrán-ẹ̀fẹ̀, ó fẹ́ kó jẹ́ àárín gbùngbùn nìkan ni ilé ìtura máa wà kí gbogbo èèyàn lè máa pàdé níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ó ti o, ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí, mi ò le máa rìn jìnnà tó yẹn 😂 wọ́n fi kún un.

Oníkóòdù_Mọ́kọlá:

😂😂 Ilé ìtura wa kan ṣoṣo ni, nísàlẹ̀ sì ni, Jobs á fẹ́ràn ẹ̀.

Ẹ ṣé sà, bàbá Òkèbọ́lá, ẹ ṣé mà, Ìyá Ìbejì. Mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ó kọ́kọ́ fa ojú ro àmọ́ ìwádìí 2018 yẹn wọ̀ ọ́ lára, ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun. Ohun tá a ń rò báyìí ni pé gbogbo wa á wà lókè, àwọn tó ń gba fóònù á ní yàrá tó wà lẹ́yìn, tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, yàrá kan á wà fún ẹni tó bá fẹ́ dákẹ́ rọ́rọ́, kò ní jẹ́ ti ẹnì kankan. Pàlọ̀ ni tábìlì àti bọ́ọ̀dù máa wà, a ó gbé gáàsì kékeré àti omi sórí fàráńdà. Ògiri kan ṣoṣo tó wà láàárín pàlọ̀ àti yàrá àwọn onífóònù ló ṣì ń yọ wá lẹ́nu, ọ̀gá ní òun gbọ́dọ̀ wó nǹkan kan kẹ̀!

Ayàwòrán_Ilé:

Tó bá gbọ́dọ̀ wó nǹkan, ẹ má wó ògiri yẹn, ẹ gé ojú fèrèsé kan sí i, kó fẹ̀ díẹ̀, kó ní pákó tó ń tì. Tí wọ́n bá ń bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀ wọ́n á tì í, tí wọ́n bá gbọ́ nǹkan tó yẹ kí oníkóòdù gbọ́ wọ́n á ṣí i, wọ́n á na orí jáde. Kí ẹnjiníà fi líntẹ́ẹ̀lì, ìyẹn igi ìdábùú tó máa ru ògiri tó kù, sí òkè ẹ̀ kí wọ́n tó yọ búlọ́ọ̀kù kankan. Gáàsì orí fàráńdà dáa, àmọ́ ẹ gbé e jìnnà sí ẹnu àtẹ̀gùn, ọ̀nà àbájáde yín kan ṣoṣo nìyẹn tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí lánlọ́ọ̀dù kọ ọ́ sínú àgíríméǹtì pé òun gbà kẹ́ ẹ gé ògiri, kó tó di ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kó jáde tá á ní kẹ́ ẹ tún un ṣe padà.